Láptọ́ọ̀pù àti Ẹ̀yà Ara Rẹ̀: Ibi Tí Ọ̀kọ̀ọ̀kan Ti Wá

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń lo láptọ́ọ̀pù a máa fẹ́ mọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ lásán a sì máa tètè fò lọ lórí ẹni. Ìdí tí nǹkan fi wà níbi tó wà ni kì í jẹ́ kí ènìyàn gbàgbé rẹ̀. Ìṣòro ẹnì kan ló bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ẹ̀rọ yìí, ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe dé.

Kíbọ́ọ̀dù ni ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn. Òun ni pátákó tí a to bọ́tìnnì lé, tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, ó sì ti wà kí ayárabíàṣá tó dáyé. Christopher Latham Sholes, atẹ̀wé àti olóòtú ìwé ìròyìn ní Milwaukee, ní Amẹ́ríkà, ló wà nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ilé iṣẹ́ Remington gbé jáde fún títà ní 1874. Láti ìdílé ẹ̀rọ yẹn ni ètò lẹ́tà tó fi Q, W, E, R, T àti Y ṣáájú ti wá, òun náà la ṣì ń tẹ̀ dòní.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1981, Adam Osborne gbé ayárabíàṣá kan jáde tí ènìyàn lè gbé rìnrìn àjò. Ó wúwo tó nǹkan bí kílò 11, ojú rẹ̀ kò ju íńṣì 5 lọ, kò sì ní bátìrì nínú. Bí a bá gbé e dé ibi tí kò sí iná, ẹrù lásán la rù. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni GRiD Compass dé. Bill Moggridge, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣètò ìrísí rẹ̀, tí ojú ẹ̀rọ fi ń pa dé lé kíbọ́ọ̀dù lórí bí ìwé. Ibi tó so ojú mọ́ ìdí yẹn kò fẹ́ ipá. Àárín ni kí ẹ ti máa ṣí i, ẹ má ṣe fa igun rẹ̀.

PowerBook ti ilé iṣẹ́ Apple, tó jáde ní 1991, ti kíbọ́ọ̀dù sẹ́yìn kí ọwọ́ lè ríbi sinmi, ó sì fi bọ́ọ̀lù kékeré tí a ń yí síwájú rẹ̀. Nígbà tó di 1994, PowerBook 500 fi pèpéle pẹlẹbẹ rọ́pò bọ́ọ̀lù náà. Ìyẹn ni touchpad, tí a ń fi ìka fà kí atọ́ka lè máa rìn lójú ẹ̀rọ. Ọdún 1991 yìí kan náà ni Sony bẹ̀rẹ̀ sí í ta bátìrì lithium-ion, tó fúyẹ́, tó sì ń gba iná púpọ̀ sára. Irú rẹ̀ ló wà nínú láptọ́ọ̀pù òde òní. Ẹni tó bá ń gbé níbi tí iná mànàmáná ti ń ṣe ségesège mọ ìwúlò rẹ̀.

Mẹ́ta ló ṣe kókó nínú ikùn rẹ̀. Processor ni ọpọlọ tó ń ṣe ìṣirò. RAM dà bí àtẹ ọlọ́jà: ohun tí à ń lò lọ́wọ́ ló wà lórí rẹ̀, bí a bá sì pa ẹ̀rọ, àtẹ á ṣófo. Hard disk tàbí SSD ni àká, níbi tí ohun tí a bá fi pamọ́ ń gbé. Hard disk àkọ́kọ́ tí IBM gbé jáde ní 1956 wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà mílíọ̀nù 5 péré ló lè gbà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí kíbọ́ọ̀dù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ní 1875, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ẹ̀rọ Remington dé ọjà, ìjọ CMS ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther sì wà lára wọn. Èkó àti Milwaukee kò gbúròó ara wọn. Ẹni tó sún mọ́ alágbẹ̀dẹ ni alágbẹ̀dẹ ń rọkọ́ fún: ẹ, ọ àti ṣ kò rí bọ́tìnnì gbà, àmì ohùn kò sì rí.

Àbájáde rẹ̀ ló wà níwájú wa lójoojúmọ́. Ẹni tó bá tẹ “oko” láìsí àmì fi òǹkàwé sílẹ̀ kó máa méfò: ṣé ọkọ tó fẹ́ ìyàwó ni, àbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọkọ́ tí àgbẹ̀ gbé léjìká, tàbí oko tó ń lọ? Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ti ń rò pé bí a ṣe ń kọ Yorùbá nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ètò Windows ti ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tí ènìyàn lè yàn láàárín àwọn èdè inú rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀rọ yìí, ẹ sọ fún olùkọ́ yín kó bá yín yàn án lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ọwọ́ yín tó mọ́ra pẹ̀lú èyí tí kò ní àmì.