Ẹ̀wà Kàlàbá, ìgò ọ̀tápíápíá, àti èémí ológbò ìyá àgbà

Ẹ̀yin tèmi, ẹ fara balẹ̀ o, ọ̀rọ̀ yìí gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí ológbò kan ní Ṣakí, ó gba Kàlàbá kọjá lọ sí Scotland, ó dé Jámánì, ó sì tún padà wá sí àgbàlá wa.

Ológbò ìyá àgbà ni. Ọ̀gá ló ń jẹ́. Obìnrin ni, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí bó ṣe ń rìn, ẹ ó mọ̀ pé orúkọ yẹn bá a mu. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa ṣọ́ yàrá tí a ń kó àgbàdo àti ẹ̀wà sí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Òkè-Ògùn nìyẹn kí oògùn eku tó kún ìgboro. Ẹ mọ̀ ọ́n: bí ológbò ò bá sí nílé, ilé á dilé èkúté. A ń pè é ní òwe, ṣùgbọ́n fún àgbẹ̀ tó ní àpò ẹ̀wà mẹ́wàá nílẹ̀, ètò ààbò ni.

Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, mo gbọ́ ohùn kan ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí. Mo kọ́kọ́ rò pé irun ló há a lọ́fun, bó ṣe máa ń ṣe àwọn ológbò. Nígbà tí mo tan iná fóònù, ẹ̀rù bà mí. Ó la ẹnu sílẹ̀, ahọ́n ẹ̀ yọ síta, ìhà ẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀ bí omi. Ara ẹ̀ ń gbọ̀n wìrìwìrì. Mo gbé iná kúrò lójú ẹ̀, mo dúró díẹ̀, mo tún wò ó. Ó yẹ kí dúdú inú ojú ológbò fẹ̀ dáadáa nínú òkùnkùn, àbí? Tiẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, kò sì fẹ̀.

Màmá ilé kejì ti gbọ́ ariwo wa, wọ́n dé. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n bọ́ sẹ́yìn. "Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Àjẹ́ ni wọ́n rán síbí, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́." Ìyá àgbà ò dá wọn lóhùn. Wọ́n ní kí n lọ gbé epo pupa wá. A ya ẹnu ẹ̀, a da epo sí i. Èmi gan-an ni mo di orí ẹ̀ mú. Ó sín, ó wúkọ́, mímí ẹ̀ sì wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo gbé e sínú páálí, mo dá páálí lu, mo gun ọ̀kadà. Dókítà ẹranko tí mo bá kò tiẹ̀ tíì wọ aṣọ iṣẹ́ tán. Wọ́n wo ojú ẹ̀, wọ́n gbóòórùn irun ẹ̀, wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Àǹtí, kí lẹ fọ́n sílé lánàá?"

Ọ̀tápíápíá ni. Kòkòrò ti ń jẹ ẹ̀wà, a rà á lọ́jà, a fọ́n ọn sílẹ̀ yàrá yẹn. Kò sẹ́ni tó ronú kan ológbò tó ń fẹsẹ̀ rìn nílẹ̀ náà, tó sì máa ń fi ahọ́n lá ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ nígbà ogún lóòjọ́.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Wọ́n dúró, wọ́n wò ó, wọ́n tún gún un. Mo ka ara ìgò kékeré yẹn: atropine. Kí oòrùn tó kanrí, itọ́ ẹ̀ ti gbẹ, ó ti pa ẹnu dé, imú ló fi ń mí. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, mo sunkún. Lẹ́yìn náà ni mo gbé fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí atropine jẹ́ àti ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ yìí. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Kàlàbá la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ewéko kan wà níbẹ̀ tó ń so ẹ̀wà dúdú ràgàjì. Àwọn Efik ń pè é ní esere. Tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan èèyàn láyé ọjọ́un, wọ́n á ní kó jẹ esere. Tó bá bì í, tí kò kú, kì í ṣe àjẹ́. Tó bá kú, ẹjọ́ ti parí. Àlàyé kan tí àwọn onímọ̀ ṣe ni pé ẹni tí ọkàn ẹ̀ balẹ̀ á jẹ ẹ́ kíákíá, ikùn ẹ̀ á sì kọ̀ ọ́. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà á jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, májèlé á ráyè wọ ara. Ẹ ronú sí i: ẹni tí ẹ̀rù ń bà lásán, ẹ̀rù yẹn ló máa pa á.

Lọ́dún 1846, dókítà òyìnbó kan, William Freeman Daniell, ròyìn ẹ̀wà yìí fún àwọn èèyàn ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ajíhìnrere láti Scotland dé Kàlàbá lọ́dún yẹn gan-an, ẹ̀wà náà sì wá dé Edinburgh. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà níbẹ̀, Robert Christison, tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ ìmọ̀ májèlé. Ní 1855, bàbá yìí jẹ ẹ́ fúnra ẹ̀! Ó jẹ díẹ̀ lálẹ́, kò rí nǹkan gidi kan, ó wá fi kún un láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí orí ń yí i, tí ara ẹ̀ ń rọ, omi tó fi fá irùngbọ̀n ló sáré gbé mu, tọṣẹ tirun, kó lè bì. Ó bì, ó yè. Tó bá jẹ́ pé Kàlàbá ló ti ṣe é ni, wọ́n á ní kì í ṣe àjẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀, Thomas Fraser, ló gbé iṣẹ́ náà débi tó kàn wá. Ó kọ ìwé oyè ẹ̀ lórí ẹ̀wà yìí ní 1862. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń fún ehoro ní oró ẹ̀wà, á sì tún fún wọn ní oògùn míì, atropine, tí wọ́n ń rí lára ewéko belladonna. Nígbà tó fi máa di 1872, ó ti fi hàn kedere pé ehoro tó yẹ kó kú lè yè tí atropine bá tètè dé ara ẹ̀. Oró kan ń ti ìkejì sẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún Ọ̀gá ní Ṣakí nìyẹn, ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún.

(Ẹ má wá lọ máa wá ewé gegemu kiri o. Lóòótọ́, ó ní atropine nínú, ohun tó sì ń jẹ́ káwọn tó ń mu ún ya bí wèrè nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè mọ ìwọ̀n tó wà nínú ewé kan lójú lásán.)

Wọ́n yọ oró inú esere sọ́tọ̀ ní 1864, wọ́n pè é ní physostigmine. Ó di oògùn ojú. Ní 1935, Percy Julian, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí bàbá bàbá ẹ̀ jẹ́ ẹrú rí, òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ Josef Pikl, ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ ara wọn ṣe é nínú yàrá ìwádìí láìlo ẹ̀wà kankan. Mo lè kọ thread mìíràn lórí ọkùnrin yẹn nìkan.

Ṣùgbọ́n kí ló ń ṣe nínú ara gan-an? Otto Loewi, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Graz ní Austria, ló tú àṣírí yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe yé ìyá àgbà. Tí ọpọlọ bá fẹ́ kí iṣan ṣiṣẹ́, ońṣẹ́ kan ló ń rán. Ońṣẹ́ náà á kanlẹ̀kùn, iṣan á ṣiṣẹ́, agbálẹ̀ kan á sì gbá ońṣẹ́ náà kúrò lójú ẹsẹ̀ kí iṣan lè sinmi. Ní 1926, Loewi àti Navratil fi hàn pé agbálẹ̀ yẹn ni oró esere ń dè lọ́wọ́. Ońṣẹ́ á wá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, á máa kanlẹ̀kùn ṣáá. Itọ́ á máa dà. Omi á máa sun nínú ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀nà èémí á fún pọ̀, dúdú inú ojú á kéré, iṣan á máa gbọ̀n títí á fi rẹ̀ ẹ́. Omi inú ara ẹranko náà ló ń rì í, lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ohun tí atropine ń ṣe ni pé ó ń dí ihò etí ilẹ̀kùn: ońṣẹ́ ń kàn án, ilé ò gbọ́.

Loewi gba ẹ̀bùn Nobel lóṣù Kejìlá 1936. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n gbé ẹ̀bùn yẹn fún un, ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà, ọkùnrin kan ní Leverkusen ní Jámánì, Gerhard Schrader, ń wá oògùn apakòkòrò fún ilé iṣẹ́ IG Farben, ó sì po nǹkan kan tó ń de agbálẹ̀ kan náà, àmọ́ tí agbára ẹ̀ kọjá sísọ. Ní oṣù Kìíní 1937, ìwọ̀nba ìkán ẹ̀ dà sórí tábìlì. Dúdú ojú òun àti amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kéré sódò, wọn ò sì lè mí dáadáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wà nílé. Nígbà tí mo kà á débẹ̀, ojú Ọ̀gá nínú òkùnkùn ni mo rí.

Ìjọba Hitler gba ti Schrader, wọ́n fi ṣe ohun ìjà, tabun ni wọ́n ń pè é. Loewi, torí pé Júù ni, wọ́n tì í mọ́lé ní 1938, wọn ò sì jẹ́ kó jáde nílùú àfìgbà tó fi owó Nobel ẹ̀ sílẹ̀ fún wọn.

Lẹ́yìn ogun, àwọn ọmọ ìyá tabun tí agbára wọn kéré díẹ̀ di oògùn oko káàkiri ayé. Dichlorvos, tàbí DDVP, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ọjà sì ti ń tà á láti 1961. Àjọ WHO kà á mọ́ àwọn tó léwu gidi gan-an. Òun ló sábà máa ń wà nínú ìgò kékeré tí wọ́n ń tà lórí igbá láàárín ata àti iyọ̀.

Ibí yìí ló ti ń dùn mí. Láti agbègbè wa ni ìmọ̀ yìí ti kọ́kọ́ jáde, lórí ẹ̀wà. Ó sì gun orí ẹ̀wà padà: ní 2015, àwọn ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà torí dichlorvos tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ̀wà tí wọn ò gbà, àwa là ń jẹ ẹ́. Oró ti dé gbogbo ọjà láti Ìsẹ́yìn dé Kìṣí. Aporó ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé Ọ̀gá ò gbé ní tòsí dókítà, ó di Ìbàdàn, kò sì sí ológbò tó máa fi irú èémí yẹn dé Mọ́níyà.

Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa dichlorvos nínú ìgò tí kò ju 100ml lọ, torí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi í gbẹ̀mí ara wọn. (Tí nǹkan bá wúwo lọ́kàn rẹ, ìwọ tó ò ń ka èyí, jọ̀ọ́ pe ẹnì kan lálẹ́ yìí.) Ìgò tí a rà kò ga ju ìka mi lọ, kò sì sí ìwé kankan lára ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ológbò, ohun tí dókítà sọ fún mi rèé. Kì í ṣe gbogbo èémí ológbò tó gún ni májèlé: ikọ́ fée lè ṣe é, àìsàn ọkàn lè ṣe é, eruku ọyẹ́ lè dá sí i. Ṣùgbọ́n ológbò tó la ẹnu mí láìsáré ti wà nínú ewu, ẹ má sùn lé e. Ẹ má da epo tàbí mílíìkì sí ẹni tí kò lè mí lẹ́nu. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, epo tèmi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́ tí ọ̀tápíápíá bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fún un mọ́ra, ẹ má pe èèyàn lé e lórí. Páálí tó ní ihò, ibi tó tutù, kẹ́ ẹ sì máa lọ. Tí oògùn bá wà lára irun ẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ kúrò tó bá ṣì lágbára, kẹ́ ẹ sì wọ ọ̀rá sọ́wọ́. Ẹ mú ìgò oògùn náà dání.

Ìyá àgbà ti kó ẹ̀wà sínú kẹ́ẹ̀gì báyìí, wọ́n dé e pinpin kí atẹ́gùn má wọlé, kòkòrò sì ń kú síbẹ̀ láìsí oògùn. Màmá ilé kejì ṣì ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá tí wọ́n bá rí Ọ̀gá lójúde.

Dókítà ní kí n máa ka èémí ẹ̀ tó bá ń sùn, kò yẹ kó lé ní ọgbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo kà á lálẹ́ àná kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eléyìí. Mẹ́rìnlélógún ni.