Kì í Ṣe Mọ́sìkò Ni Iṣẹ́ Abẹ Ojú Yìí Ti Bẹ̀rẹ̀

Ìtàn kan wà tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ nípa iṣẹ́ abẹ tó ń jẹ́ kí ènìyàn bọ́ awò ojú sílẹ̀. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan ṣubú ní Rọ́ṣíà, awò ojú rẹ̀ fọ́, àfọ́kù rẹ̀ sì ya kọ́níà rẹ̀, ìyẹn awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú. Nígbà tí ojú náà san, ọmọ tí kì í ríran jìnnà tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ríran kedere láìlo awò. Ibẹ̀ ni wọ́n ní Dókítà Svyatoslav Fyodorov ti rí ọgbọ́n fífi abẹ la kọ́níà.

Bóyá ọmọ náà ṣubú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orísun iṣẹ́ yìí kọ́ nìyẹn. Ọdún 1974 ni Fyodorov bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́sìkò. Láti 1953 ni Sato Tsutomu, dókítà ojú ní Yunifásítì Juntendo ní Tokyo, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàlàyé iṣẹ́ wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ojú ní Amẹ́ríkà. Wọn kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní Soviet Union pàápàá, Dókítà Yenaliev ti ń la kọ́níà kí Fyodorov tó bọ́ sí i.

Àwọn aláìsàn tí kọ́níà wọn yọ ṣóńṣó síwájú ni Sato ń tọ́jú. Ó ṣàkíyèsí pé nígbà mìíràn awọ ẹ̀yìn kọ́níà á ya fúnra rẹ̀, omi á wọ̀ ọ́, ojú á wú. Ṣùgbọ́n bí ọgbẹ́ náà bá jinná, ṣóńṣó yẹn á ti rọlẹ̀. Sato wá ronú pé ohun tí àìsàn ń ṣe láìròtẹ́lẹ̀, abẹ lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ní 1939 ó ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó fi sùúrù wo ojú aláìsàn títí ó fi rí irú nǹkan báyìí, kò yẹ kí a fi ìtàn awò tó fọ́ rọ́pò iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan á ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló fà á tí a kò fi dárúkọ rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ burú lóòótọ́. Sato kì í la iwájú kọ́níà nìkan. Ó ń ti abẹ wọ inú ẹyinjú, ó sì ń la ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Sẹ́ẹ̀lì tó tò ní ìpele kan ṣoṣo sí ẹ̀yìn yẹn ló ń fa omi kúrò nínú kọ́níà kó lè mọ́ gaara, bí wọ́n bá sì ti kú, wọn kì í hù mọ́. Sato àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì mọ bí wọ́n ti ṣe pàtàkì tó nígbà náà. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún láàárín ọdún 1950 sí 1960. Àwọn aláìsàn náà ríran dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn náà ni kọ́níà ọ̀pọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi, ó ń ṣú, ó ń lé ròrò, ròrò náà ń bẹ́, ìrora rẹ̀ kò sì ṣeé fẹnu sọ. Sato ti kú ní 1960, kò rí i.

Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Iwájú nìkan ni Fyodorov ń là, ó sì yẹ ká yìn ín fún bó ṣe ń wọn iye ojú abẹ àti bí ó ti jìn tó. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé àfọ́kù awò ló kọ́ ọ, a ti pa Sato rẹ́, a sì ti pa àwọn aláìsàn Tokyo tí ojú wọn bàjẹ́ rẹ́ pẹ̀lú. Èyí kejì ló dùn mí jù.

N kò sì ní sọ pé Sato ni ẹni àkọ́kọ́ pátápátá. Ní 1898, Lans ní Nẹ́dálándì ti dán irú rẹ̀ wò lára ehoro. Ṣùgbọ́n Sato ló sọ ọ́ di ìtọ́jú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ríran jìnnà.

Ní 1978 ni Leo Bores gbé iṣẹ́ náà láti Mọ́sìkò wọ Amẹ́ríkà, ìtàn ọmọ tó ṣubú sì tàn kálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1982, ìwé ìròyìn kan náà tó gbé iṣẹ́ Sato jáde tún gbé ìròyìn àwọn ojú tó bàjẹ́ náà jáde. Àwọn dókítà Juntendo fúnra wọn ló kọ ọ́.