Àwòrán Àtijọ́ àti Àwòrán Tuntun

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá lónìí: bí ohun tuntun bá dé, ọjọ́ wo ni ó yẹ kí a kó ohun àtijọ́ kúrò?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo títì. Títí di 1972, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi kọ́ wa. Ọwọ́ ọ̀tún sì ni Dàhọ̀mì àti àwọn aládùúgbò wa yòókù ń gbà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon yí gbogbo wa sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Kò lè jẹ́ méjì, nítorí bí awakọ̀ kan bá gba òsì tí èkejì gba ọ̀tún, ikú ni yóò pàdé wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ní láti ra mọ́tò mìíràn kí ó tó lè gba ọ̀tún.

Ti tẹlifíṣọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ọ̀nà tí wọ́n lò nígbà náà ni à ń pè ní analógì: ètò kan ṣoṣo ni ó ń gba ìlà kan nínú afẹ́fẹ́. Ọ̀nà tuntun ni díjítà. Ìlà kan náà lè gbé ọ̀pọ̀ ètò, àyè tí ó bá sì ṣẹ́ kù, fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì lè lò ó. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kò gbọ́ èdè díjítà, àfi kí a ra dẹkódà tí yóò máa ṣe ògbufọ̀ fún un.

Ní 2006, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pàdé ní Geneva, wọ́n sì fi ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 2015 ṣe gbèdéke. Ọjọ́ náà dé, ó kọjá, a kò tíì múra tán. Jọ́ọ̀sì ni a ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2016. Àbújá tẹ̀ lé e ní ìparí ọdún náà, Ìlọrin ní 2017, Èkó ní 2021.

Àríyànjiyàn sì pọ̀. Àwọn kan ní kí a pa analógì lọ́jọ́ kan bí a ti ṣe títì, nítorí ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń ṣe méjèèjì pọ̀, ìnáwó méjì ni ó ń ṣe. Òótọ́ ni. Àwọn mìíràn ní, ẹni tí kò lówó dẹkódà ńkọ́? Òótọ́ nìyẹn náà.

Ẹ fi ìlú Òsì wa wò ó. Ìlọrin jìnnà sí wa. Bí agbára analógì bá rẹ̀, àwòrán a máa ṣe winniwinni bí ìgbà tí òjò ń sẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ṣì lè gbọ́ ìròyìn. Díjítà kò mọ ìlàjì: bí kò bá mọ́ kedere, a gan, a sì dákẹ́ pátápátá.

Títì kò gba ọ̀nà méjì, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbà á fún ìgbà díẹ̀. Àwọn àgbà ní kí a má gbójú lé òjò tó ṣú kí a da omi ìkòkò nù. Ṣùgbọ́n omi ìkòkò náà kò lè tó wa lò títí ayé. Kí díjítà kọ́kọ́ dé Òsì, Ìlọfà àti Àràròmí-Ọ̀pin; kí agbára tálákà ká dẹkódà. Nígbà náà ni kí a dá ọjọ́, kí a sì ṣí lọ láìwẹ̀yìn, bí a ti ṣe ní 1972.