Wárápá Láàrin Wa: Ẹ̀kọ́ Tí Ayétẹ̀ àti Igbó-Ọrà Kọ́ Wa

Àwọn baba wa ti mọ àwọn àrùn tí ń bá ọpọlọ àti iṣan jà tipẹ́tipẹ́ kí ilé ìwòsàn tó dé ilẹ̀ yìí, àwọn orúkọ tí wọ́n fi sílẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Túúlu ni wọ́n pe ẹ̀fọ́rí tí ń lu ẹ̀gbẹ́ orí kan bí ẹni ń lu ìlù. Ẹ̀gbà ni wọ́n pe èyí tí ń pa apá àti ẹsẹ̀ kú. Gìrì ni èyí tí ń gbé ọmọ kékeré nígbà tí ibà bá mú un. Bí àgbàlagbà bá ń gbàgbé orúkọ ọmọ bíbí inú rẹ̀, wọ́n á ní ó ń ṣarán. Àwọn wọ̀nyí ni a ń sọ ní gbangba. Wárápá nìkan ni a máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ kí a tó dárúkọ rẹ̀.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ sọ ìtàn bí ìmọ̀ nípa wárápá ṣe gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní Tógò, kí a sì fi ìtàn náà wo ara wa, láti Komah ní Sokodé títí dé Tchamba àti Kambolé. Ohun tí a fẹ́ fi hàn kò pọ̀: oògùn wárápá ti wà fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, kò sì wọ́n. Ohun tí ó sọ ìlú kan di ìlú ìtura tí ó sì fi èkejì sílẹ̀ sínú ìyà ni bóyá ìtọ́jú fi ìdí kalẹ̀ sí itòsí àwọn ènìyàn tàbí kò fi ìdí kalẹ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ẹ̀rù àrùn yìí ti ń ba ènìyàn. Àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ ń pè é ní àrùn mímọ́, wọ́n gbà pé àwọn òrìṣà ni wọ́n ń fi ṣe ènìyàn. Ní nǹkan bí 400 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí a kó jọ sábẹ́ orúkọ Hippocrates ta kò wọ́n. Ó ní kò sí ohun mímọ́ kankan nínú rẹ̀ tí kò sí nínú àrùn yòókù, inú ọpọlọ ni ó ti ń wá. Síbẹ̀ náà, ní ọ̀pọ̀ ibi láàrin Ìbàdàn àti Lomé, àwọn ènìyàn ṣì gbà títí di òní pé itọ́ ẹni tí wárápá gbé lè ran ẹlòmíràn. Nígbà tí aláìsàn bá ṣubú sẹ́bàá iná tàbí sínú omi, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n fà á jáde a máa sá sẹ́yìn. Púpọ̀ nínú àpá iná tí a ń rí lára àwọn aláìsàn wọ̀nyí, ìbẹ̀rù àwọn tí wọ́n dúró wò ni ó jẹ́ kí ó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wárápá kò lè ràn. Kì í gba inú itọ́ kọjá, kì í gba inú abọ́ tàbí ẹní kọjá.

Ní ọdún 1912, dókítà ará Jámánì kan, Alfred Hauptmann, kíyè sí i pé oògùn oorun tuntun kan, phenobarbital, ń dín ìṣubú àwọn aláìsàn wárápá kù. Oògùn yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ sí Gardénal. Ní 1929, ará Jámánì mìíràn, Hans Berger, tẹ ìwé jáde láti fi hàn pé a lè gba agbárí ka iná mànàmáná tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ. Láti ìgbà náà ni a ti lè fi ojú rí ohun tí wárápá jẹ́: iná inú ọpọlọ ni ó ń bú jáde lójijì, tí ó sì ń ru gbogbo ara sókè fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀rọ náà wúlò, ṣùgbọ́n oògùn ni ó ń gba ènìyàn là. Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS, sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ènìyàn ni ó ní wárápá lágbàáyé, àti pé bí a bá mọ àrùn náà dáadáa tí a sì tọ́jú rẹ̀ bí ó ti yẹ, nǹkan bí 70 nínú 100 wọn lè máa gbé ayé láìṣubú mọ́. Àjọ náà ṣírò pé oògùn ọdún kan lè má ju dọ́là 5 lọ, ìyẹn nǹkan bí 3,000 owó sẹ́fà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa àrùn ọpọlọ fi Ìbàdàn ṣe ilé. Ní 1957 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ńlá UCH níbẹ̀. Ní 1962, Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, tí ó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Benjamin Oluwakayode Osuntokun wà, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, tí wọ́n bí ní 1935 tí ó sì di olóògbé ní 1995. Osuntokun kò jókòó sí ilé ìwòsàn kí aláìsàn máa wá bá a. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Monekosso, ọmọ Kamẹrúùnù tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ti kọ̀wé nípa àrùn kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ tí ń mú kí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn kú tipiri, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, tí ojú tàbí etí wọn sì lè di. Osuntokun tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn, ó wọ àwọn abúlé, ó béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ, ó sì fi ẹ̀sùn kan gbágùúdá tí wọn kò rẹ tí wọn kò sì fún dáadáa kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ṣì ń jiyàn lórí bóyá májèlé inú gbágùúdá nìkan ni ó fà á, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jiyàn pé láti inú ilé dé inú ilé ni ó yẹ kí a ti wá irú àrùn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà ilé-dé-ilé yìí náà ni ó gbé Osuntokun dé Ìbàràpá. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú Bruce Schoenberg láti Amẹ́ríkà, ṣètò ìwé ìbéèrè kan. Àwọn tí kì í ṣe dókítà a kọ́kọ́ wọ ilé kọ̀ọ̀kan láti béèrè àwọn ìbéèrè tí ó rọrùn. Lẹ́yìn náà ni dókítà ọpọlọ a wá yẹ àwọn tí ìdáhùn wọn fi àmì hàn wò. Wọ́n dán an wò ní ìlú kékeré kan tí a ń pè ní Ayétẹ̀. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1982 ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: nínú 1,000 ènìyàn, 37 ni ó ní wárápá. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní Igbó-Ọrà, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì, láàrin nǹkan bí 20,000 ènìyàn. Èsì ti 1987 sọ pé 5.3 nínú 1,000 ni ó ní i.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ìlú méjèèjì wà ní Ìbàràpá, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ, oko kan náà ni wọ́n ń ro. Síbẹ̀, iye aláìsàn tí wọ́n rí ní Ayétẹ̀ tó ìlọ́po méje ti Igbó-Ọrà. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ti Ayétẹ̀ kéré, a kò sì gbọdọ̀ fi gbogbo ọkàn gbára lé ẹyọ iye kan. Ṣùgbọ́n àlàyé tí Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un yẹ fún àròjinlẹ̀. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti dá ètò ìlera Ìbàràpá sílẹ̀, Igbó-Ọrà ni wọ́n sì fi ṣe ibùdó rẹ̀. Fún ogún ọdún ó lé, aláboyún ń rí agbẹ̀bí tí ó mọ iṣẹ́, ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ibà ń rí ìtọ́jú kí ó tó gun orí. Ayétẹ̀ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí ọ̀ràn ìbímọ àti ibà fi kan wárápá ni pé ọ̀pọ̀ wárápá ilẹ̀ wa kì í ṣe àbímọ́ni lásán. Ọmọ tí kò tètè mí nígbà ìbí, ọmọ tí àrùn yírùnyírùn tàbí ibà líle dé ọpọlọ rẹ̀, ẹni tí ó fi orí gbá ilẹ̀ nínú jàǹbá ọ̀kadà, gbogbo wọn ni wárápá lè bá lẹ́yìn ọ̀la. Nígbà mìíràn, ìtọ́jú ilé gan-an ni ó ń dá kún ewu. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn olùwádìí ní Nàìjíríà fi hàn pé àgbo gìrì tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà pò lè mú kí súgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ sílẹ̀ kí èémí rẹ̀ sì dákú. Ọmọ tí gìrì ibà ìbá fi sílẹ̀ láìní àbùkù lè ti ibi àgbo náà di aláìsàn ọpọlọ. A kò sọ èyí láti fi àwọn ìyá wa ṣẹ̀sín. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n lò, nítorí pé ilé ìwòsàn jìnnà.

Ní Tógò níbí, ìtàn náà ní apá tirẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n Michel Dumas láti Limoges ní Faransé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Grunitzky ti Lomé, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ àríwá orílẹ̀-èdè wa láti wá cysticercose. Aràn pẹlẹbẹ tí a ń kó lára ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni ó ń fa àrùn yìí: bí ẹyin aràn náà bá wọ inú ènìyàn, ọmọ rẹ̀ lè lọ ṣe ilé sínú ọpọlọ, kí ó sì di wárápá. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ní Tchamba àti Sokodé lè rò pé èyí kò kan àwọn, nítorí pé wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ó kàn wọ́n. Inú ìgbẹ́ ẹni tí aràn náà wà nínú rẹ̀ ni ẹyin náà ń gbà jáde, láti ibẹ̀ ni ó sì ń dé inú omi, ewébẹ̀ àti ọwọ́ tí a kò fọ̀. Ní 1992, àwọn dókítà kọ̀wé nípa àwọn Júù ní New York tí ẹ̀sìn wọn ka ẹlẹ́dẹ̀ léèwọ̀ pátápátá, tí wọ́n sì ní àrùn náà nínú ọpọlọ. Ilé ìgbẹ́ tí ó bójú mu àti ọṣẹ ìfọwọ́ jẹ́ ara ìtọ́jú wárápá.

Ó yẹ kí a tún fi àrùn mìíràn wé e. Àrùn oorun, tí kòkòrò inú eṣinṣin tsé-tsé ń gbé wọ ọpọlọ, ti pa ènìyàn púpọ̀ rí ní apá ibí. Láàrin àwọn ọdún 1920, Eugène Jamot ní Kamẹrúùnù kó àwọn nọ́ọ̀sì jọ, wọ́n ń rìn láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń yẹ gbogbo ènìyàn wò. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tàn káàkiri, nígbà tí ó sì di 2020, OMS jẹ́rìí sí i pé àrùn oorun kì í ṣe ìyọnu fún ìlera gbogbo ènìyàn ní Tógò mọ́. A lè yangàn pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ń kọjá lọ kò lè wo wárápá sàn. Aláìsàn wárápá gbọ́dọ̀ lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, bí ó bá sì dá a dúró lójijì, ìṣubú lè padà pẹ̀lú agbára tí ó lè pa á. Ẹni tí yóò dúró tì í nílé ni ó nílò.

Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn dókítà ọpọlọ wa wà ní Lomé, ọ̀nà tí ó lé ní 300 kìlómítà sí Sokodé. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì jù fún mímọ wárápá kò sí ní Lomé, ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ ni ó wà. Aláìsàn kì í mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Nọ́ọ̀sì ní Kambolé tí ó bá béèrè dáadáa lè mọ púpọ̀: Báwo ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀? Ṣé ara rẹ̀ le gbagidi kí ó tó máa gbọ̀n? Ṣé ó gé ahọ́n jẹ, tàbí ó tọ̀ sára? Ìṣẹ́jú mélòó ni? Ṣé ibà wà lára rẹ̀? Ẹni tí ó dúró pẹ́ nínú oòrùn tí òòyì gbé ṣubú, tí ó sì jí kíá, wárápá kọ́ ni ó sábà máa ń jẹ́. Ìṣubú ẹyọ kan kò tíì tó láti sọ ọ́ ní wárápá; bí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí ó lé ní wákàtí 24 síra, tí kò sì sí ibà tàbí ohun mìíràn tí ó fà á lójú ẹsẹ̀, a ti lè pè é bẹ́ẹ̀. Ní ti ẹni tí ó bá wà nítòsí, kí ó gbé e kúrò lẹ́bàá iná, kí ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí ó má ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ó sì wo aago. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ilé ìwòsàn ni.

Ní 2022, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fọwọ́ sí ètò OMS lórí wárápá àti àrùn ọpọlọ yòókù, tí yóò dé 2031. Kí ètò náà tó dé ẹnu ọ̀nà wa, iṣẹ́ wà tí ẹgbẹ́ wa lè ṣe. A lè bẹ àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n má ṣe lé ọmọ tí ó ní wárápá kúrò ní kíláàsì. A lè bẹ àwọn ìmáàmù, àwọn pásítọ̀ àti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pé kí wọ́n darí aláìsàn sí ilé ìwòsàn nígbà tí wọ́n bá ń gbàdúrà fún un. A lè dá àpò kan sílẹ̀ kí oògùn má baà tán ní Kambolé ní àkókò òjò tí ọ̀nà bá bàjẹ́. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ gbọ́ Faransé ka ìwé inú àpótí oògùn fún àwọn àgbà wa ní èdè tí wọ́n gbọ́. Bí Igbó-Ọrà ṣe ṣe é nìyẹn, díẹ̀díẹ̀ fún ogún ọdún, nítòsí àwọn ènìyàn rẹ̀.