Láti Ayé Peugeot 504 Dé Ayé Brain Box: Ìdí Tí Mọ́tò Wa Ò Fi Gba Ẹ̀yà Ara Ẹlòmíì Mọ́

Láti ọjọ́ tí mọ́tò ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ti kú sí Maitama, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi wá: ṣebí irú mọ́tò kan náà ni, kí ló dé tí brain box ti ọ̀kan ò ṣiṣẹ́ lára èkejì? Ìtàn la máa fi dáhùn, torí ọ̀rọ̀ yìí ò bẹ̀rẹ̀ lánàá.

Kí Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lápá ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ gan-an lójú títì wa. Nínú wọn, bíi Morris Minor, pósítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ irin ara mọ́tò. Ti Volkswagen Ìjàpá, négátíìfù ni, àwọn tó ti pẹ́ nínú ẹ̀ sì ń lo fóòtì 6, kó tó di 12 ní nǹkan bí 1967. Ẹni tó bá yọ rédíò èyí sínú tòhún, èéfín ló máa rí. Àìbáramu iná ti wà tipẹ́, àmọ́ réwáyà ayé ìgbà yẹn lè fojú rí àṣìṣe rẹ̀, ó tún lè fimú gbóòórùn ẹ̀.

Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kaduna, wọ́n sì ń to Volkswagen l'Ékòó lọ́dún yẹn kan náà. 504 di mọ́tò ìjọba. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó wá sí Abuja ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá 1991, òun ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa gùn gba Lokoja wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wọn wá ẹ máa rántí: contact set, kọ́ìlì, distributor, kẹ̀búrétọ̀. Waya ń gbé iná lọ, ó ń gbé e bọ̀, ó parí. Tí kọ́ìlì bá jóná ní ọ̀nà Okene, réwáyà á wá kọ́ìlì mọ́tò míì, á gé waya, á lọ́ ọ pọ̀, á fi tépù dè é, ẹ ó sì dé Ìbàdàn. Ọgbọ́n gidi ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Àmọ́ nǹkan ti ń yí padà lókè òkun. Ní 1986, ilé iṣẹ́ Bosch ti Jámánì gbé ètò kan jáde tí wọ́n ń pè ní CAN, tí gbogbo àpótí inú mọ́tò á fi máa bára wọn sọ̀rọ̀ lórí waya méjì péré. Láti mọ́tò ọdún 1996, Amẹ́ríkà pa á láṣẹ pé kí gbogbo mọ́tò tuntun ní ojú tí wọ́n á máa ki ẹ̀rọ skáànì sí. Ní 1998, Yúróòpù ní kò sí mọ́tò tuntun tó gbọ́dọ̀ jáde láìní ohun tó ń dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀, káwọn olè má baà gbé e. Irú àwọn mọ́tò yìí ló wá di tòkunbọ̀ tó gba Kùtọnu wọlé. A fún wọn lórúkọ, Big Daddy, Muscle, End of Discussion, ṣùgbọ́n a ò mọ̀ pé wọ́n ti ní èdè tiwọn.

Èyí ló gbé wa dé Maitama. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ nínú wa ò tó nǹkan, ká má parọ́. Iṣẹ́ ló ń gbé wa lọ. Ilé àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè pọ̀ níbẹ̀, mọ́tò wọn sì lè ti ibikíbi wá. Tí wọ́n bá lò ó tán, wọ́n á tà á, awakọ̀ á rà á. Bẹ́ẹ̀ ni arákùnrin wa ṣe ra tiẹ̀, mọ́tò tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù. Brain box ẹ̀ bà jẹ́. Ó lọ sí Apo, wọ́n bá a wá bẹ́líjọ́ọ̀mù, irú mọ́tò yẹn gan-an, ọdún kan náà, plọ́ọ̀gì wọlé wẹ́rẹ́. Ti Amẹ́ríkà ni.

Ẹ́ńjìnnì ń yí, kò gbà. Brain box tuntun yìí ò mọ kọ́kọ́rọ́ náà rí. Ó dà bí ìgbà téèyàn kanlẹ̀kùn lóru tí onílé ń bi í pé ta nìyẹn, tí kò lè dárúkọ. Wọ́n ra kọ́kọ́rọ́ àti àpótí tó ń dá a mọ̀ mọ́ ọn. Mọ́tò jí. Gíà wá há sí ojú kan, torí ohun tí brain box ń sọ fún un kọ́ ló ń retí. Ni wọ́n bá tún pààrọ̀ àpótí gíà àti dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n pààrọ̀ àpótí airbag pẹ̀lú. Ìgbà kẹta nìyẹn tó san owó, owó ilé ìwé àwọn ọmọ sì wà nínú ẹ̀.

Ti airbag yẹn ló ń dùn wá jù. Láti nǹkan bí 2006, mọ́tò tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ dá ọmọdé mọ̀ yàtọ̀ sí àgbà níjòókòó iwájú, ọ̀pọ̀ sì ń lo sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ìwúwo ẹni tó jókòó. Ti Yúróòpù yìí ò ní in. Àpótí ń wá sẹ́ńsọ̀, kò rí i, ó tan iná pupa. Tí iná yẹn bá ṣì ń tàn, airbag lè má jáde lọ́jọ́ ìjàǹbá.

Lọ́sẹ̀ yìí arákùnrin wa ní iná náà ti lọ, inú ẹ̀ ń dùn. A bi réwáyà bó ṣe tún un ṣe. Ó ní òun fi tépù dúdú lẹ̀ ẹ́ látinú ni. Oṣù kejìlá ni wọ́n fẹ́ fi gbé àwọn ọmọ lọ Ògbómọ̀ṣọ́.