Bàlúùnù Kékeré tí Ó Yí Ayé Po

Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn arìnrìn-àjò kan fún yín, tí kò lẹ́sẹ̀, tí kò ní ìyẹ́, tí kò ní awakọ̀, síbẹ̀ tí ó gun ẹ̀fúùfù kọjá lórí òkun àti aṣálẹ̀, lórí ààfin ọba àti ahéré olóko. Òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹwàá, ọdún 2022, ẹgbẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Northern Illinois Bottlecap Balloon Brigade, tú bàlúùnù kan sílẹ̀. Irú èyí tí à ń so mọ́ àga níbi ọjọ́ ìbí ọmọdé ni, aláwọ̀ fàdákà; nígbà náà, òmíràn wà nínú irú rẹ̀ tí kò ju dọ́là 12 lọ. Ẹrù tí wọ́n so mọ́ ọn nídìí wọn gíráàmù 16.4 péré: rédíò bíńtín kan, GPS tí ń sọ ibi tí ó wà, awẹ́ sólà, àti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí í ṣe áńtẹ́nà rẹ̀. Oòrùn ló ń bọ́ ọ. Bí ojúmọ́ bá mọ́, a sọ̀rọ̀; bí ilẹ̀ bá ṣú, a di odi. Orúkọ tí ó ń jẹ́ lórí afẹ́fẹ́ ni K9YO.

Ó gòkè, ó gòkè, ó kọjá àwọsánmà, ó dé nǹkan bí mítà 12,000, níbi tí àwọn ọkọ̀ òfurufú ńláńlá ń gbà. Ẹ̀fúùfù òkè gbé e, ó di ìlà-oòrùn.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ohùn rẹ̀? Agbára rédíò rẹ̀ kò tó ti gílóòbù tọ́ọ̀ṣì! Ibí ni àgbàyanu náà wà. Joe Taylor, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1993 nínú ìmọ̀ físíìsì, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń fi rédíò ṣe fàájì. Ní 2008 ó gbé ọgbọ́n kan jáde tí ń jẹ́ WSPR. Rédíò yóò sọ orúkọ rẹ̀, ibi tí ó wà àti agbára tí ó ń lò, ó parí. Ọ̀rọ̀ tí kò kún ẹnu yìí ni yóò fi bí ìṣẹ́jú méjì sọ, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, títí kọ̀ǹpútà tí ń tẹ́tí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà yóò fi ṣà á jáde láàrin ariwo tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ohunkóhun nínú rẹ̀.

Báyìí ni àwọn àjèjì ṣe di olùṣọ́ fún un. Wọn kò bára wọn tan, wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Wáyà kan lórí òrùlé, rédíò kan, kọ̀ǹpútà kan, ó tó wọn. Bí ohùn K9YO bá ti bọ́ sọ́dọ̀ ẹnì kan nínú wọn, kọ̀ǹpútà rẹ̀ a gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tí ó tú u sílẹ̀ a sì jókòó sí Illinois mọ̀ pé ó ṣì ń bẹ lókè. Ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ fún wọn. Nínú gbogbo ohun tí ọmọ aráyé ń ṣe lóde òní, díẹ̀ ló wú mi lórí tó èyí.

Oṣù ń gorí oṣù. Ìyípo keje rẹ̀ káàkiri ayé ni wọ́n ń kà, bàlúùnù náà sì ti lo ọjọ́ 123 lófurufú, nígbà tí ohùn rẹ̀ wá láti ẹ̀bá erékùṣù Hagemeister ní Alaska ní ọjọ́ 10, oṣù kejì, ọdún 2023. Ìṣirò ẹ̀fúùfù fi hàn pé bí ilẹ̀ bá mọ́, lókè ilẹ̀ Yukon ní Kánádà ni yóò wà.

Àsìkò náà kò dára rárá. Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ yìnbọn já bàlúùnù ràgàjì ti China lulẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù náà, wọ́n sì ti tún rédà wọn ṣe kí ohun kékeré tí ń rọra rìn má baà bọ́ mọ́ wọn lójú. Ní ọjọ́ 11, ọkọ̀ òfurufú ogun F-22 yọ lókè Yukon, ó fi mísáìlì tí owó rẹ̀ ju dọ́là 400,000 lọ fọ́ ohun kan tí wọn kò dá mọ̀. Láti ìgbà náà, K9YO kò fọhùn mọ́.

Ṣé òun ni? Ní ọjọ́ 16, Biden, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, sọ pé ó jọ pé ti ilé-iṣẹ́ aládàáni, ti fàájì tàbí ti ìwádìí ìmọ̀ ni ohun mẹ́ta tí wọ́n já lulẹ̀ lẹ́yìn ti China, tí ti Yukon wà lára wọn. Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́pàá Kánádà dáwọ́ wíwá tí wọ́n ń wá ti Yukon láàrin yìnyín dúró. Wọn kò rí àfọ́kù kankan. Ẹgbẹ́ náà kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, wọ́n kéde pé bàlúùnù àwọn sọnù. Ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ kò ju ohun tí àwọn àjèjì yẹn gbọ́ tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ lọ: ọjọ́, wákàtí, àti ibi tí ó gbà kọjá.