Ọdẹ orí: ìrora tí dókítà kò rí ọgbẹ́ rẹ̀



Nígbàkúùgbà tí ìdánwò BEPC tàbí BAC bá ti ń súnmọ́lé, àwa olùkọ́ máa ń rí àwọn ọmọ tó ń sọ pé nǹkan ń rìn nínú orí àwọn, pé àyà àwọn ń lù kìkì, pé ojú ń ṣú àwọn bí àwọn bá ṣí ìwé. Dókítà á yẹ̀ wọ́n wò, kò ní rí nǹkan kan. Àwọn òbí kan á ní: «Ọ̀lẹ ni, irọ́ ló ń pa.» Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn, ìtàn náà sì fi hàn pé irọ́ kọ́.

Àwọn Gíríìkì àtijọ́ gbà pé ilé ọmọ ló ń fa irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Inú orúkọ tí wọ́n ń pe ilé ọmọ ni àwọn Faransé ti yọ «hystérie». Ó pẹ́ gan-an tí wọ́n fi ń kà á sí àìsàn obìnrin. Ní ilé ìwòsàn Salpêtrière ní Paris, Jean-Martin Charcot, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ ní 1882, fi hàn pé ọkùnrin náà ń ní i: àwọn òṣìṣẹ́ tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ sí, tí apá tàbí ẹsẹ̀ wọn rọ, bẹ́ẹ̀ eegun kankan kò kán. Freud wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní 1885.

Pierre Janet, tó jẹ́ olùkọ́ bíi tiwa ní lycée Le Havre, gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1889. Ó ṣàlàyé pé bí nǹkan bá wúwo ju agbára ọkàn lọ, apá kan ọkàn lè ya kúrò lára ìyókù. Ẹni náà lè gbàgbé ohun tó ṣe, ó sì lè máa ṣe nǹkan láìmọ̀ pé òun ń ṣe é. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀.

Síbẹ̀, ayé kò tètè gbọ́. Nígbà ogun 1914 sí 1918, àwọn ọmọ ogun tí ọta kò bà ń gbọ̀n, àwọn mìíràn ya odi, àwọn kan kò lè rìn mọ́. Wọ́n pe púpọ̀ nínú wọn ní ojo. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa ọmọ ogun 306 lórí ẹ̀sùn pé wọ́n sá lójú ogun, pé wọ́n ṣojo, àti irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkàn àwọn kan nínú wọn ló ti gbọgbẹ́. Ọdún 2006 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dárí jì wọ́n.

Nílẹ̀ Yorùbá ńkọ́? Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní Àró, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gbé láàárín ará abúlé, tí ẹbí wọn sì wà pẹ̀lú wọn. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná, tí ìwé kò wọlé sí wọn lórí mọ́. Ní 1987, Dókítà Makanjuola kọ̀wé nípa ohun tí àwọn èèyàn wa ń pè ní ọdẹ orí: nǹkan ń rìn nínú orí àti lára, ariwo ń dún létí, àyà ń lù. Àníyàn àti ìbànújẹ́ ló sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní 1980, àwọn oníṣègùn ọkàn Amẹ́ríkà yọ orúkọ «hystérie» kúrò nínú ìwé ìlànà wọn. Wọ́n ya èyí tó ń gba inú ara sọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, wọ́n ya èyí tí ọkàn fi ń pín sí méjì sọ́tọ̀, àníyàn náà sì ní orí tirẹ̀.

Kí la rí kọ́? Ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, torí ibà tàbí àìsàn mìíràn lè wà níbẹ̀. Bí wọn kò bá rí nǹkan, ẹ má nà án, ẹ má sì bú u. Ẹ pè é jókòó, ẹ bi í pé: «Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?» Bí kò bá lọ, ẹ wá oníṣègùn ọkàn. Ẹni tí ọdẹ ń lé kò lè jókòó kàwé.

Kí lẹ ń pe àìsàn yìí lọ́dọ̀ tiyín? Ẹ bá wa dá sí i.